Ẹ Má Kọ H, T, U Kí Ọmọ Tó Di Ìgbálẹ̀ Mú: Àṣìṣe Tí A Ń Ṣe Bí A Bá Ń Kọ́ Ọmọdé Ní Ipò Nọ́ńbà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Adó-Èkìtì, mo ní kí ọmọkùnrin kan tó wà ní pírámárì kejì kọ mẹ́rìndínláàádọ́ta sílẹ̀. Ó fi ahọ́n lá ètè, ó wo òkè, ó kọ 54. Ìyá rẹ̀ tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà pòṣé. Ó ní, "Ańtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Yorùbá yìí sílẹ̀ fún un. Òun ló ń da orí rẹ̀ rú."

Mi ò bá a jiyàn lójú ọmọ, àmọ́ mi ò gbà. Ọmọ yẹn gbọ́ "mẹ́rin", ó gbọ́ "àádọ́ta", ó sì kó méjèèjì jọ. "Dín" tó wà láàárín ni kò gbọ́. Mẹ́rìndínláàádọ́ta, mẹ́rìnléláàádọ́ta: dín àti lé nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀ síra, bẹ́ẹ̀ mẹ́jọ gbáko ni èkejì fi ju èkíní lọ. Ta ló ti fi dín han ọmọ náà rí, kó rí i, kó fọwọ́ kàn án? Kò sẹ́ni. Èmi gan-an kò tíì ṣe é.

Nítorí náà, kí n tó bá ẹlòmíì wí, kí ẹ mọ̀ pé èmi náà ti ṣe púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí nípa ipò nọ́ńbà, ìyẹn bí iye tí nọ́ńbà kan dúró fún ṣe ń tẹ̀ lé ibi tí a kọ ọ́ sí.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ká sáré lọ sídìí pátákó. Tíṣà á fa ìlà mẹ́ta, á kọ H, T, U sókè (H fún ọgọ́rùn-ún, T fún mẹ́wàá, U fún ẹyọ), àwọn ọmọ á máa kọ ọ́ lórin. Ẹ kọ 34 fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, yóò sọ fún yín pé 3 wà lábẹ́ T. Ó gbà á. Ẹ wá da ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹ na ìka sí 3 yẹn, kí ẹ ní kó ṣa iye tí 3 náà dúró fún. Yóò mú ẹyọ mẹ́ta péré. Orin ló mọ̀. Pé 3 yẹn jẹ́ ọgbọ̀n kò tíì yé e. Mo máa ń dán èyí wò lára ọmọ tuntun tí wọ́n bá mú wá, kódà lára àwọn tó ti wọ pírámárì kẹrin.

Ìgbálẹ̀ la fi ń tún un ṣe. Ọ̀pẹ kò wọ́n wa ní Èkìtì, ẹ má lọ ra ohun ìkàwé olówó iyebíye kankan. Ọmọ á ka ẹyọ mẹ́wàá, á fi rọ́bà dì í, ó di ìdì kan. Ìdì mẹ́ta àti ẹyọ mẹ́rin, ìyẹn ni 34. Ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ni èmi ti ṣìṣe fún ọdún bíi mélòó kan: mo máa ń di gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti ilé kí àsìkò má baà ṣòfò. Àwọn ọmọ kò rí ìgbà tí mẹ́wàá di ọ̀kan. Nígbà tí mo sì ní kí wọ́n tú ìdì kan, wọ́n ń wojú mi, wọn ò fẹ́ ba nǹkan Ańtí jẹ́. Ọmọ ni kó dì í, ọmọ náà ni kó tú u. Bó bá já rọ́bà, kó já a.

Ká padà sórí Yorùbá. Àṣìṣe ni ká ṣe bí ẹni pé bí a ṣe ń pe nọ́ńbà lẹ́nu náà la ṣe ń kọ ọ́. Nọ́ńbà tí a ń kọ, mẹ́wàá mẹ́wàá ló fi ń dìdì. Tiwa, ogún ogún ni: ogójì jẹ́ ogún méjì, ọgọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta, ọgọ́rin jẹ́ ogún mẹ́rin. Àádọ́ta jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá nínú rẹ̀. Ẹ wá wo márùndínláàádọ́ta: ọgọ́ta, yọ mẹ́wàá, tún yọ márùn-ún. Ẹni tó bá pe 45 ní Yorùbá ti tú nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mejì kó tó pa ẹnu dé. Igba igba làwọn àgbẹ̀ wa fi ń ka ebè, ẹgbẹ̀rún fúnra rẹ̀ sì jẹ́ igba márùn-ún. Láyé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì di ọ̀kẹ́ kan. Dídì àti títú, kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn tó ń sọ pé èdè wa kò gba ìṣirò, ṣé wọ́n gbàgbé pé láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, onímọ̀ ẹ̀kọ́, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà pírámárì, tìṣiròtìṣirò?

Nítorí náà, mi ò fi Yorùbá sílẹ̀ fún ọmọ yẹn. Mo ní kó di ìdì márùn-ún, àádọ́ta nìyẹn. Mo ní, "Ó yá, dín mẹ́rin." Ó wo àwọn ìdì náà títí, kó tó rí i pé àfi kí òun tú ọ̀kan. Ó tú u, ó yọ mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdì mẹ́rin ló kù, àti ẹyọ mẹ́fà. Ó kọ 46. Ó wá na ọwọ́ sí mẹ́rin tó yọ: "Ańtí, ta ló ni ìwọ̀nyí?" Mo ní kó mú un lọ sílé.

Àṣìṣe mìíì ni "yá ọ̀kan." Ẹ fún ọmọ ní 52 kó yọ 28 kúrò, ọ̀pọ̀ yóò kọ 36, nítorí wọn kò lè yọ 8 nínú 2, wọ́n á kúkú yọ 2 nínú 8. Tíṣà á wá ní kó yá ọ̀kan lọ́wọ́ 5. Ọ̀kan kọ́, mẹ́wàá ni. A kò sì yá nǹkan kan, nítorí kò sẹ́ni tó máa san án padà. Èmi ti pa "yá" tì, "ṣẹ́" ni mò ń lò. Gbogbo ọmọ tó bá ti tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ dé Ọjà Ọba ló mọ bí a ṣe ń ṣẹ́ owó: owó kò dín, kò lé, ó kàn fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni. Ṣẹ́ ìdì kan nínú 52, ó di ìdì mẹ́rin àti ẹyọ méjìlá. Yọ ẹyọ mẹ́jọ, yọ ìdì méjì, ó ku 24. Ọmọ tó bá rò pé 40 àti 12 kì í ṣe 52, kò tíì ṣe tán láti ṣe ìyọkúrò, ẹ má tì í.

Bí ẹ bá fẹ́ fi owó kọ́ ọ, ó dáa, àmọ́ ẹ fi ogún náírà, àádọ́ta, igba àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pamọ́ ná. Wọn kò bá ipò nọ́ńbà mu. Mẹ́wàá àti ọgọ́rùn-ún ti tó, kí ẹ gé bébà kékeré fún náírà kọ̀ọ̀kan. (Àwọn bàbá wa tó kàwé kí náírà tó dé ní 1973, péńsì méjìlá fún ṣílè kan, ogún ṣílè fún pọ́ùn kan, ojú wọn rí nǹkan.)

Ó ku òdo. Ẹ má sọ fún ọmọdé pé òdo kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ pe ọ̀ọ́dúnrún ó lé márùn-ún, ọmọ á kọ 3005: ó kọ 300 tó gbọ́, ó fi 5 tì í. Òdo dà bí àga olóyè tí kò wá sípàdé. Ó ṣófo, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í sún wọ ibẹ̀. Ohun tó ń bá mi yanjú rẹ̀ ni páálí: ẹ gé èyí tó gùn fún 100 dé 900, èyí tó kúrú díẹ̀ fún 10 dé 90, èyí tó kéré jù fún 1 dé 9, kí a lè gbé kékeré lé ńlá lórí láti apá ọ̀tún.

Ìyá ọmọ náà ló gé tiwa, lára páálí Indomie. Kí ọmọ tó ti iléèwé dé, ó ní kí n pe ọ̀kan fún òun ná. Mo pe ọ̀ọ́dúnrún ó lé márùn-ún. Ó gbé 5 lé òdo ìkẹyìn lára 300, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò, ó ní, "Háà. Ibẹ̀ ló wà láti ọjọ́ yìí?"