Tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń tàn àmọ́ tí kò wọlé lẹ́yìn tí a fíláàṣì ROM tuntun sí i

Ẹ má tíì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fíláàṣì (ìyẹn ni pé ẹ kọ ROM, ètò Android tó ń darí ẹ̀rọ, sínú rẹ̀), tó wá dúró sójú àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é, tàbí tó ń tàn, tó ń kú, tó tún ń tàn, kò tíì bàjẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kò bára mu. Fíláàṣì ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí èèyàn fi ìbẹ̀rù ṣe, láì tíì mọ ibi tó ti há, ló sábà máa ń sọ ọ́ di òkú.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ROM tuntun bá ń wọlé lè gba ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bí àmì ROM náà, irú bíi ti LineageOS, bá ṣì ń yí, ẹ fi í sílẹ̀ lórí ṣájà títí ìṣẹ́jú 20 yóò fi pé. Bó bá dé ojú àmì yẹn tó wá ń padà sẹ́yìn, dátà àtijọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí kò bá tiẹ̀ kúrò lójú àmì ilé iṣẹ́, ẹ fura sí fáìlì boot (èyí tó ń jí Android), tàbí ROM tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ojú bá dúdú kirikiri, ẹ fi ṣájà sí i fún wákàtí kan, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnì páwà mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Bátìrì tó gbẹ máa ń jọ tábúlẹ́ẹ̀tì tó kú.

Ọ̀rọ̀ dátà àtijọ́ yìí ló pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ohun tó wà lórí wọn pa, ROM tuntun ò sì lè ka ohun tí ROM àtijọ́ ti tì. Factory Reset inú TWRP, ìyẹn recovery (ètò kékeré tó dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Android) tí a fi ń fíláàṣì, kì í tú kọ́kọ́rọ́ yẹn. Ẹ wọ TWRP, ẹ tẹ Wipe, lẹ́yìn náà Format Data, kí ẹ kọ yes sínú àyè tó bá yọ. Àwòrán, orin, ìwé iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ni yóò lọ. Bí TWRP bá ṣì lè ka ibi ìpamọ́ náà, ẹ kó wọn sórí kọ̀ǹpútà ṣáájú. Lẹ́yìn Format Data, ẹ padà wọ recovery lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó gbé ROM sórí rẹ̀. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí sábà máa ń rí i pé fáìlì kò wọlé. Ẹ fíláàṣì ROM, kí ẹ fíláàṣì Gapps (àwọn áàpù Google, bíi Play Store) tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀ kí ó tó wọlé rárá. Gapps náà gbọ́dọ̀ bá ẹ̀yà Android mu, kó sì bá prósẹ́sọ̀ mu, bóyá arm tàbí arm64.

Bí TWRP bá sọ pé Error 7, ó ń sọ pé ROM yìí kì í ṣe ti ẹ̀rọ yín, tàbí kí TWRP fúnra rẹ̀ ti pẹ́ jù. Àwọn kan máa ń ní kí ẹ ṣí fáìlì zip ROM náà kí ẹ pa ìlà tó ń yẹ orúkọ ẹ̀rọ wò rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ìlà yẹn ló ń gbà yín. Galaxy Tab A 10.1 ti 2016, fún àpẹẹrẹ, WiFi nìkan ni SM-T580, SM-T585 sì ń gba síìmù. Orúkọ ROM ti àkọ́kọ́ ni gtaxlwifi, ti ìkejì ni gtaxllte. Ojú wọn jọra bí ìbejì. Tábúlẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ sì lè ti pààrọ̀ ẹ̀yìn, torí náà ẹ gba ohun tí Download Mode (ipò tí Samsung ti ń gba fáìlì lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà) bá kọ gbọ́ ju ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lásìkò tí ẹ ń dáńlóòdù, zip náà lè má pé. Láti mọ̀ bóyá ó pé, ẹ tẹ àṣẹ yìí sínú Command Prompt lórí Windows:

certutil -hashfile rom.zip SHA256

Kí ẹ fi iye tó bá yọ wé èyí tó wà níbi tí ẹ ti gbé e. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ẹ dáńlóòdù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, ẹ dá a padà sí firmware, ìyẹn ètò tí ilé iṣẹ́ fi sí i. Ti Samsung la ó kọ́kọ́ sọ, Odin sì ni ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń fíláàṣì rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ kún ni kí ẹ lò, torí iná ọba lè lọ nígbàkígbà, a ò sì fẹ́ kó lọ nígbà tí Odin ń kọ bootloader (ètò tó ń kọ́kọ́ jí nínú ẹ̀rọ). Kí bátìrì tábúlẹ́ẹ̀tì náà kọjá ìdá 50 nínú 100. Okùn USB ṣe pàtàkì: ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà, ṣájì nìkan ló ń gbé. Bí Odin kò bá fi àmì COM hàn, ẹ pààrọ̀ okùn kí ẹ tó dá dráífà lẹ́bi. Láti wọ Download Mode lórí Samsung tó ní bọ́tìnì Home, ẹ tẹ ohùn ìsàlẹ̀, Home àti páwà pọ̀, kí ẹ wá tẹ ohùn òkè. Èyí tí kò ní Home, ẹ pa á, ẹ di bọ́tìnì ohùn méjèèjì mú kí ẹ fi okùn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ fi àwọn fáìlì firmware tó ń jẹ́ BL, AP, CP àti CSC sí àyè wọn nínú Odin. Bí CP kò bá sí, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. HOME_CSC máa ń dá dátà sí, CSC lásán sì ń nù ún: èyí tó ń nù ún la nílò níbí. Ẹ má fọwọ́ kan Re-Partition. Bí SW REV CHECK FAIL bá yọ, firmware yín ti pẹ́ ju bootloader lọ. Ẹ wá tuntun. Kí ẹ sì rántí àkántì Google àtijọ́, torí ó lè bèèrè rẹ̀ nígbà tó bá wọlé.

Fún èyí tó ń lo fastboot (àṣẹ tí a ń tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà láti kọ fáìlì sínú ẹ̀rọ), fáìlì boot tirẹ̀ gan-an lè tó:

fastboot flash boot boot.img

Ẹ má ti bootloader padà nígbà tí ROM àjèjì bá ṣì wà nínú rẹ̀. Èyí tí prósẹ́sọ̀ rẹ̀ jẹ́ MediaTek, SP Flash Tool ni ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń fíláàṣì rẹ̀, lórí Download Only. Format All + Download lè pa IMEI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ) rẹ́.

Bí kọ̀ǹpútà kò bá rí nǹkan kan lẹ́yìn okùn mẹ́ta, tàbí tó ń rí QDLoader 9008 (ipò pàjáwìrì ti prósẹ́sọ̀ Qualcomm) nìkan, ìgbà náà ni kí ẹ gbé e lọ sí Tákíè tàbí Under-G. Ẹ kọ nọ́ńbà irú ẹ̀rọ náà (bíi SM-T580) àti orúkọ fáìlì tí ẹ fíláàṣì gbẹ̀yìn sórí ìwé, kí ẹ fi lé oníṣẹ́ lọ́wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i.