Bí Mo Ṣe Wádìí Ohun Tí Ọta Ìbọn Ńlá Lè Fi Ẹ́ńjìnnì Ṣe

Nínú ìwé eré tí wọ́n gbé fún mi pé kí n tún ṣe, akọni wa yìnbọn ẹyọ kan lu Camry tó ń sáré bọ̀, ni ọkọ̀ bá fò sókè, ó yí gbirigbiri. Barrett ni ìbọn ọ̀hún, èyí tí ọta rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 12.7, tí ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ fọ́tò, Ronnie Barrett, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́dún 1982. Dírẹ́tọ̀ ní kí n lọ wò ó bóyá ó lè rí bẹ́ẹ̀. Òfin wa ò gba aráàlú láyè láti ní irú ìbọn yẹn, torí náà ẹ́ńjìnnì ni mo lè fojú rí. Ìbọn di ti ìṣirò.

Mo gba ọjà Ararọ̀mí ní Gate, n’Ìbàdàn, lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ọ̀gá kan ní òkú ẹ́ńjìnnì Camry “Big Daddy” nílẹ̀, oní-lítà 2.4. Bí mo ṣe ń fi téèpù wọ̀n ọ́n káàkiri, ó ní, “Àbúrò, ṣé o máa rà á ni, àbí o fẹ́ ránṣọ fún un?” Mo ṣàlàyé. Ẹ̀rín pa á, àmọ́ ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dojú ẹ̀ dé kí n rí inú rẹ̀.

Mo ti rò pé irin gbáko ni. Irọ́ ni. Àlùmíníọ̀mù ni ara rẹ̀. Sílíìfù tí písítìnì ń gùn nínú rẹ̀ nìkan ni irin, kò sì nípọn. Ihò tómi ń gbà wà láàárín. Ti Camry àtijọ́, oní-lítà 2.2, irin dídà ni ní tiẹ̀. A ò lè mì í. Ọ̀gá náà ní ìbọn ò tiẹ̀ nílò láti fọ́ ọ: “Bí omi bá ti jò tán, tọ́pù tó dé ẹ́ńjìnnì lórí á bẹ́ǹdì, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì.”

Ó wá ku ìṣirò. Ọta náà wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 43, ó ń sá tó mítà 900 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Agbára rẹ̀ á tó júùlù 17,000 (júùlù ni wọ́n fi ń wọn agbára). Ti ìbọn AK kò ju nǹkan bí 2,000 lọ. Ṣùgbọ́n Camry tó wúwo tó kílò 1,450, tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, gbé nǹkan bíi júùlù 200,000 bọ̀. Bí ọta bá tiẹ̀ há sínú rẹ̀, ohun tó máa dín kù nínú eré ọkọ̀ náà kò tó sẹ̀ǹtímítà 3 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣé èyí ló fẹ́ fò?

Pé gbogbo agbára yẹn bọ́ sójú kan tí kò fẹ̀ ju orí ìka lọ, ìyẹn ló ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà máa ń wà nínú hẹlikọ́pútà yin irú ìbọn yìí lu ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi àwọn tó ń kó oògùn olóró. Ọkọ̀ á dúró, torí omi á dì í mú. Títì ò ní di Camry mú ní tiẹ̀.

Bí mo ṣe tún un kọ nìyí: ọta wọlé, ẹ́ńjìnnì kú, ooru omi bo gíláàsì iwájú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ṣì ń yí bọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Mọ́kọ́lá, sítíárìn ti le gbagidi. Akọni gbọ́dọ̀ sá. Dírẹ́tọ̀ ní akọni kì í sá. A wá fẹnu kò pé kó bẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ìbọn má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbọn yẹn tó nǹkan bíi kílò 14. Òṣèré wa ti ní pákó ni kí wọ́n fi gbẹ́ tòun.