Oògùn Kòkòrò Tó Wọ Ilẹ̀ Kò Tíì Lọ: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lóko

“Òjò ti gbá a lọ.” Gbólóhùn yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa tí a ń fín oògùn kòkòrò sóko, ẹ̀rù rẹ̀ sì máa ń bà mí.

Oògùn kì í bá omi lọ bákan náà. Ẹ wo oògùn kòkòrò méjì, chlorpyrifos àti imidacloprid: nínú lítà omi kan, chlorpyrifos tó lè yọ́ kò ju nǹkan bíi mílígíráàmù 1.4 lọ, ti imidacloprid tó mílígíráàmù 610. Èyí tí omi kò gbà a máa wá ibòmíràn dì mọ́, ewé jíjẹrà inú ilẹ̀dú ló sì fẹ́ràn jù. Ẹ wo bí epo pupa ṣe ń lẹ̀ mọ́ abọ́ ike: ẹ fi omi lásán ṣàn án títí, kò ní kúrò. Imidacloprid ní tirẹ̀ lè gba inú yanrìn kọjá bọ́ sínú kànga. Ẹ má ṣe fín in sí ilẹ̀ yanrìn ẹ̀gbẹ́ kànga, pàápàá nígbà tí òjò bá ṣú.

Ẹlòmíràn á ní, “Ilẹ̀ amọ̀ ni tèmi, á dì í mú.” Amọ̀ wo? Montmorillonite ni amọ̀ tó ń wú lójò, tó sì ń sán lẹ́ẹ̀rùn. Bí a bá tẹ́ gbogbo ojú ara gíráàmù kan rẹ̀ tí oògùn lè dì mọ́ sílẹ̀, á tó pílọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan, ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní gígùn. Kaolinite, irú amọ̀ mìíràn, ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀ pupa tiwa ní ìhà Ìwọ̀-oòrùn Gúúsù Nàìjíríà. Ti gíráàmù kan rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ. Ilẹ̀dú ló ń bá wa di oògùn mú. Ẹni tó ń dáná sun ewé oko lọ́dọọdún ń sun ohun tí ì bá di ilẹ̀dú.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí a rò pé ohun tí ilẹ̀ dì mú ti pòórá. Lindane ni Gammalin 20 tí àwọn bàbá wa fi fín kòkó. Ọdún 2009 ni wọ́n fi í kún àdéhùn Stockholm lórí àwọn kẹ́míkà tí kì í tètè bàjẹ́. Ní Martinique àti Guadeloupe, àwọn erékùṣù inú òkun Caribbean, wọ́n lo oògùn kòkòrò chlordecone fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti 1972 títí di 1993. Ó ṣì wà nínú ilẹ̀ wọn dòní, iṣu àti ọ̀dùnkún sì ń fà á láti inú ilẹ̀.

Bí ọ̀gbàrá bá wọ́ erùpẹ̀ lọ sódò, oògùn tó dì mọ́ ọn bá a lọ nìyẹn. Ẹ má ṣe fi ilẹ̀ sílẹ̀ níhòòhò. Bí oògùn kò bá sì ran ikán nínú ilẹ̀dú, ẹ má ṣe ṣe é ní ìlọ́po méjì. Ilẹ̀ ló gbà á kó tó dé ọ̀dọ̀ ikán, ibẹ̀ náà ni àfikún yóò sì jókòó sí.

Ẹ ṣọ́ra fún òjò àkọ́rọ̀ pẹ̀lú. Omi a máa gba ipò oògùn lára ilẹ̀ gbígbẹ, irú àwọn oògùn bíi lindane á sì fẹ́ jáde sínú afẹ́fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán ọmọ lọ roko tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fín lọ́jọ́ náà.