Bí ilé ìwòsàn àdúgbò ṣe lè dènà àrùn rọpárọsẹ̀, àti ohun tó yẹ ní ṣíṣe bí ó bá ṣẹlẹ̀

Àrùn rọpárọsẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹnu wọ́ tí apá sì rọ. Ó ti ń bọ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ jẹ́ láìdun ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, dókítà àti nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àdúgbò, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ibà àti ikọ́, ni wọ́n ní àǹfààní jù lọ láti dá a dúró, àwọn ni mo sì kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún.

Ẹ wọn ìfúnpá gbogbo àgbàlagbà tó bá wọlé, ìbáà jẹ́ eyín dídùn ló gbé e wá. Kí ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àga, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí apá rẹ̀ wà ní ìpele àyà, kí ó má sì sọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì, mu kọfí tàbí fa sìgá yóò kọ́kọ́ dúró fún ìṣẹ́jú 30. Bí iye náà bá tó 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tún un wọ̀n ní ọjọ́ mìíràn kí ẹ tó pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àyàfi bí ó bá ga gan-an. Ẹ tún fi ìka tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan: bí ìlù ọkàn kò bá bára mu rárá, ẹ rán an lọ ṣe ECG, àyẹ̀wò tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú irú ọkàn bẹ́ẹ̀ kí ó sì lọ dí iṣan ọpọlọ, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sì wà fún un.

Ìwádìí CREOLE, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 6 ní Áfíríkà, tí Nàìjíríà wà lára wọn, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2019, fi hàn pé, nínú àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, amlodipine pẹ̀lú hydrochlorothiazide, tàbí pẹ̀lú perindopril, ń dín ìfúnpá àwọn ènìyàn dúdú kù ju perindopril pẹ̀lú hydrochlorothiazide lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń dáwọ́ oògùn dúró nítorí pé ara wọn yá tàbí nítorí pé owó tán. Ẹ má bi wọ́n pé, “Ṣé ẹ ń lo oògùn yín?” torí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún yín yóò ní òun ń lò ó. Ẹ bi wọ́n pé, “Bàbá, ọjọ́ mélòó ni ẹ kò rí oògùn lò ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá?” Bí owó bá ni ìṣòro, ẹ wá èyí tí kò wọ́n, tí wọ́n lè lò lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́.

Nínú ìwádìí SIREN, tí Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2018, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú nínú ohun tó ń fa àrùn yìí, àìjẹ ẹ̀fọ́ déédéé àti bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ tí a ti gbé kalẹ̀ sì wà lára wọn. Ẹ sọ fún wọn pé tẹ̀tẹ̀, ewédú àti gbúre dára, àti pé iyọ̀ wà nínú mágì náà. Ẹ má gbàgbé àtọ̀gbẹ àti sìgá. Ọmọ tó bá sì ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde nílò àyẹ̀wò Doppler orí, tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú iṣan ọpọlọ, láti ọmọ ọdún 2, nítorí rọpárọsẹ̀ ń mú àwọn ọmọdé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Bí wọ́n bá gbé ẹni tí ẹ fura sí wọlé, ẹ ní kí ó rẹ́rìn-ín, kí ẹ wò bóyá ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu rẹ̀ já sílẹ̀. Ẹ ní kí ó dijú, kí ó na apá méjèèjì síwájú fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ wò bóyá ọ̀kan ń rọ̀ wálẹ̀. Ẹ ní kí ó tún gbólóhùn kan sọ ní èdè tó ń sọ nílé, bíi “Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ”; ẹ má fi Gẹ̀ẹ́sì dán ẹni tí kò gbọ́ ọ dáadáa wò. Ojú tó ṣàdédé ṣókùnkùn, òòyì òjijì tí kò jẹ́ kí ènìyàn lè dúró, àti orí fífọ́ òjijì tó le ju èyí tó ti ní rí lọ tún jẹ́ àmì. Ọ̀kan péré ti tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè ìgbà tí wọ́n rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá jí pẹ̀lú àmì náà, ìgbà tó lọ sùn ni ẹ ó kọ. Fún ọ̀pọ̀ aláìsàn, oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì kò ṣeé lò mọ́ bí wákàtí 4 àti ààbọ̀ bá kọjá.

Ẹ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò lójú ẹsẹ̀, nítorí ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù lè fara jọ rọpárọsẹ̀ pátápátá, ẹ sì lè fi glucose inú iṣan wò ó níbẹ̀. Ẹ má fún un ní omi, oúnjẹ tàbí oògùn lẹ́nu, kí ó má baà gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ má fún un ní aspirin, nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan àwọn kan, iṣan ló bẹ́ nínú orí àwọn mìíràn, kò sì sí ojú tó lè mọ ìyàtọ̀ wọn láìsí CT, àwòrán inú orí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yà. Èyí tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni kí wọ́n fi nifedipine sábẹ́ ahọ́n láti já ìfúnpá wálẹ̀ kíákíá. Ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé dáadáa nílò ìfúnpá yẹn, jíjá a wálẹ̀ lójijì sì lè pa apá tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó ya àwòrán, ẹ fi ìfúnpá náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ àyàfi bí ó bá ju 220/120 lọ. Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀.

Bí ẹbí bá ní ọfà ni wọ́n ta á, ẹ má bá wọn jiyàn. Kí àdúrà máa lọ nínú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Bí àmì náà bá sì ti kúrò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má dá a padà sílé, nítorí ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ léwu gan-an.

Ẹ kọ́kọ́ pe ilé ìwòsàn ńlá náà láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ CT wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Kí ìwé tí ẹ ó fi ránṣẹ́ ní wákàtí tí ẹ kọ sílẹ̀, iye ṣúgà, ìfúnpá àti orúkọ gbogbo oògùn tó ń lò, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ẹni tó rí i kẹ́yìn sì bá ọkọ̀ náà lọ, torí òun ni àwọn dókítà ibẹ̀ yóò bi léèrè.