Bí ẹrù oúnjẹ láti Ẹ̀pẹ́ ṣe lè dé ọgbà ilé-ìwé láì bàjẹ́

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti Ẹ̀pẹ́ padà sí ọgbà ilé-ìwé ló ń gbé oúnjẹ tó yẹ kó tó oṣù kan jẹ, àmọ́ kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ìdajì rẹ̀ á ti wà nínú garawa ìdọ̀tí. Gàrí á dì, ata á kan, funfun á hu lára ẹja. Kì í ṣe pé wọn kò se oúnjẹ náà dáadáa nílé. Omi tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ló ń bà á jẹ́. Iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ di ẹrù oúnjẹ ni pé kó lé omi jáde kó tó dì í, kó má sì jẹ́ kí omi mìíràn wọlé lẹ́yìn náà.

Ìrìn-àjò ọjọ́ mẹ́ta lọ sílé ní Ẹ̀pẹ́ tó iṣẹ́ yìí, bí ẹ bá tò ó dáadáa. Ẹ kúrò nílé-ìwé lọ́sàn-án Jímọ̀, kí ilẹ̀ má baà ṣú yín lọ́nà. Ẹni tó wà ní yunifásítì LASUSTECH ní Ìkòròdú á gba ọ̀nà Ìtòkín wọlé. Ẹni tó ń bọ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè á gba Ìjẹ̀bú-Òde. Àárọ̀ Sátidé ni ọjà, ọ̀sán rẹ̀ ni ata, òru rẹ̀ sì ni ti ẹja lórí iná. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ tó di ẹrù, nígbà tí gbogbo nǹkan bá ti tutù pátápátá. Ẹni tó bá ń din ata láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí mọ́tò sì ń dúró dè é ní gáréèjì, ooru ló máa dì sínú ike. Ooru yẹn á di omi lábẹ́ ìdérí, omi náà á sì kán padà sórí ata. Ẹ pe ilé láti ọjọ́bọ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ ń bọ̀, kí èédú àti òróró ti wà nílẹ̀. Lẹ́yìn Iléyá, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ọdún Káyókáyó ní Ẹ̀pẹ́, ẹ fi àyè gba èrò lójú ọ̀nà àti owó ẹja tó máa ń gbówó lórí.

Ẹja

Ọjà ẹja Olúwo, létí ọ̀sà, ni ká lọ. Ẹ tètè débẹ̀ láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Bí ó bá jẹ́ ẹja tútù lẹ fẹ́ rà kí ẹ fúnra yín fi iná yan án, ẹ wo ojú rẹ̀: kó mọ́, kó sì yọ síta díẹ̀. Ẹ ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí inú ibẹ̀ pupa. Ẹ fi ìka tẹ ara rẹ̀, kó sì dìde padà. Èyí tí ìka bá wọ̀ lára tí kò dìde mọ́ ti pẹ́ lójú ọjà. Àrọ̀, ọ̀bọ̀kún àti epìyà ló wọ́pọ̀. Fún ẹrù ilé-ìwé, àrọ̀ kéékèèké ló dára jù, nítorí pé iná tètè ń dé inú eegun wọn. Ẹja ńlá dùn ún wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ á gbẹ, inú rẹ̀ á ṣì tutù. Bí ẹ bá rà á, ẹ là á láti ẹ̀yìn kó ṣí gbalaja.

Bí ẹ bá ń ra èyí tí wọ́n ti yan, ẹ má fi ojú nìkan rà á. Ẹ sọ fún ẹlẹ́ja pé, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣẹ́ ọ̀kan wò, ilé-ìwé ni mò ń gbé e lọ.” Ọ̀pọ̀ wọn á ṣẹ́ ẹ láì bínú, wọ́n á tiẹ̀ bá yín ṣa èyí tó gbẹ. Ẹ wo ibi tí orí ti pàdé ọrùn àti ẹ̀gbẹ́ eegun ẹ̀yìn: ibẹ̀ ni omi máa ń sá pamọ́ sí. Ẹja tó gbẹ á dún bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, á sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Èyí tó bá ń tẹ̀ bí awọ bàtà kò tíì gbẹ, bí òde rẹ̀ tiẹ̀ dúdú bí èédú. Ẹ lè rà á láti fi se ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àmọ́ kì í ṣe fún ẹrù.

Ẹni tó máa yan tirẹ̀: ẹ yọ ìfun rẹ̀ dànù, ẹ fi iyọ̀ àti omi gbígbóná fọ ara rẹ̀ tó ń yọ̀, ẹ fi iyọ̀ ra inú àti òde rẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ gbé e sórí àsẹ́ kan kí omi ara rẹ̀ ro dànù. Bí ẹ bá fẹ́ kó ká, ẹ ká a kí ẹ fi igi ìgbálẹ̀ mímọ́ gún ìrù rẹ̀ mọ́ ẹnu. Lórí wáyà, fún wákàtí àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí iná èédú ní agbára díẹ̀ kó lè jinná. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fa iná sílẹ̀ kó máa rọra jó fún wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá, kí ẹ máa yí i padà lóòrèkóòrè. Iná tó ń gbóná janjan ní gbogbo ìgbà á jó òde rẹ̀ dì, omi inú kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Igi tí wọ́n ti fi ọ̀dà kùn kò gbọ́dọ̀ wọ inú iná yìí. Bí ó bá gbẹ dénú, kílò mẹ́ta tútù á fẹ́rẹ̀ẹ́ di kílò kan.

Tó bá tutù, ẹ fi bébà mímọ́ wé e, kì í ṣe ọ̀rá. Ọ̀rá máa ń mú kí ẹja làágùn, òógùn yẹn ló sì ń mú kí ó bu. Ẹ to bébà náà sínú páálí tí ẹ ti lu ihò díẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ata

Ata ló máa ń dun akẹ́kọ̀ọ́ jù tó bá bàjẹ́, nítorí pé òun ló ń sọ ìrẹsì ojoojúmọ́ di oúnjẹ. Fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì: tòmátò bí ogún tí kò tóbi jù, tàtàṣé mẹ́wàá, ata rodo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí bí ẹnu yín bá ṣe gbà á, àti àlùbọ́sà ńlá mẹ́rin. Ẹ yọ kóró inú tàtàṣé, ẹ fọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí omi ro kúrò lára rẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ alọta. Ẹ sọ fún un kó má bu omi sí i. Ẹ sì wo ẹ̀rọ náà: omi tí wọ́n fi ṣan ẹ̀rọ lẹ́yìn ata ẹni tó ṣáájú máa ń wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ata yín ló sì máa kó o jáde. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kó ro tán ná.

Ẹ da ata sínú ìkòkò tó fẹ̀ lẹ́nu, ẹ má bò ó, kí iná rẹ̀ pọ̀. Ẹ má fi òróró sí i báyìí o. Ohun tí a ń ṣe ni pé kí omi fò lọ. Ẹ fi ṣíbí igi máa rò ó kó má jó nísàlẹ̀. Bó ṣe ń ki ni yóò máa ta pàrà-pàrà, nítorí náà ẹ dẹ iná. Ẹ fi ṣíbí igi fa ìlà la àárín ìkòkò kọjá: bí ìlà náà bá tètè pa ojú dé, omi ṣì wà, bí ó bá ṣí sílẹ̀ tí ẹ fi lè ka ení, èjì, ẹ̀ta, àkókò òróró ti tó.

Ẹ bu òróró agolo mílíìkì mẹ́ta sínú ìkòkò mìíràn, kó gbóná, kí ẹ wá da ata sí i. Ọgbọ̀n sí ogójì ìṣẹ́jú lórí iná tí kò le ni. Etí yín ló máa sọ fún yín ju aago lọ: tí omi bá ṣì wà, ariwo rẹ̀ á le, bí omi bá ti ń tán, ariwo á rọlẹ̀, òróró á léfòó sókè, àwọ̀ ata á sì pọ́n dúdú díẹ̀. Iyọ̀ nìkan ni kí ẹ fi sí i. Ẹ má fi edé, ẹja, ẹran tàbí èròjà ọbẹ̀ kankan sínú èyí tí ẹ fẹ́ tọ́jú, torí pé àwọn ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́, wọ́n á sì mú ata lọ. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ ni kí ẹ fi wọ́n sí èyí tí ẹ bù.

Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ẹ má dé e, títí tó fi máa tutù. Ike tí ẹ máa dà á sí gbọ́dọ̀ ti gbẹ ní oòrùn. Ẹ pín in sí ike kéékèèké mẹ́rin tàbí márùn-ún dípò ọ̀kan ńlá, nítorí gbogbo ìgbà tí ṣíbí bá wọ ike ni nǹkan mìíràn ń wọ̀ ọ́. Kí òróró bo ojú ata dáadáa. Bí fíríìsà bá wà nílé, ẹ jẹ́ kó dì ní òru Sátidé, kí ẹ sì fi ìwé ìròyìn wé e lọ́jọ́ Àìkú. Á ṣì tutù nígbà tí ẹ bá dé yàrá.

Bí fíríìjì kò bá sí níbi tí ẹ ń gbé, ẹ máa gbé ata náà kaná lọ́jọ́ méjì méjì kó hó dáadáa, kí ẹ má sì jẹ ẹ́ kọjá ọ̀sẹ̀ kan. Ata tó ń hó ìfófòó láìsí iná, tàbí tí ìdérí rẹ̀ wú, ẹ má tọ́ ọ wò. Fún àwọn tó wà nírú yàrá bẹ́ẹ̀, èrò tèmi ni pé kí ìdajì ẹrù ata jẹ́ ṣọ́ńbọ̀ gbígbẹ tí ẹ lọ̀ pẹ̀lú edé gbígbẹ. Ìyẹn lè tó oṣù mẹ́ta láì bèèrè iná NEPA.

Àwọn gbígbẹ yòókù

Ẹ bu gàrí sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fún un, kí ẹ ṣí ọwọ́. Gàrí Ìjẹ̀bú tó gbẹ á tú ká bí iyanrìn. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ra, ẹ tẹ́ ẹ sóòrùn. Èyí tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yan, tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò gbọ́dọ̀ wọ àpò. Kóńgò mẹ́ta sí mẹ́rin tó ẹnì kan tó ń jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún oṣù kan. Ẹ̀gúsí, ẹ gbé e ní wóró, kí ẹ máa lọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, torí pé òróró inú èyí tí wọ́n ti lọ̀ tètè ń yí adùn padà.

Ẹ̀wà ni kòkòrò fẹ́ràn jù. Ẹ di í sínú ọ̀rá tó le, kí ẹ gbé e sínú fíríìsà fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin: kòkòrò àti ẹyin rẹ̀ á kú. Ẹ bẹ àwọn ará ilé kí wọ́n ti gbé e síbẹ̀ kí ẹ tó dé. Tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú ọ̀rá náà títí òtútù rẹ̀ á fi lọ, kí ìrì má baà wọ inú ẹ̀wà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òògùn kòkòrò olómi sí ẹ̀wà tàbí ẹja yín. Dichlorvos tó wà nínú irú òògùn bẹ́ẹ̀ ń pa ènìyàn. Ní 2019 ni NAFDAC, àjọ tó ń ṣàbójútó oúnjẹ àti òògùn, fòfin de títa ìgò rẹ̀ kéékèèké.

Epo pupa: kẹ́ẹ̀gì kí ó má kún dẹ́nu, ẹ fi àyè ìka mẹ́ta sílẹ̀, torí pé ooru inú mọ́tò máa ń mú kó wú. Ẹ fi ọ̀rá bo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó dé e, kí ẹ fi téèpù yí i. Ìkọ́kọrẹ́, ẹ jẹ ẹ́ nílé kí ẹ yó; kì í ṣe oúnjẹ ìrìn-àjò.

Lójú ọ̀nà àti nínú yàrá

Nínú báàgì, gàrí àti ẹ̀wà wà nísàlẹ̀, ike ata lóòró láàárín wọn, páálí ẹja lórí. Epo dá wà lẹ́sẹ̀ yín, ẹ má fi í sínú báàgì kan náà. Ẹ bá awakọ̀ sọ owó ẹrù kí wọ́n tó gbé e sí bùútù, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá sọ̀. Bí òjò bá ń bọ̀, ẹ fi àpò ìrẹsì kan bo gbogbo rẹ̀.

Tí ẹ bá dé, ẹ má kọ́kọ́ sùn. Ẹ tú ẹrù lálẹ́ ọjọ́ náà. Gàrí àti ẹ̀wà á wọ ike oníìdérí tó le, nítorí èkúté. Ike tó ti gbé ọ̀dà rí kò yẹ fún oúnjẹ, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Ẹ gbé wọn kúrò nílẹ̀ àti kúrò lára ògiri tó ń rin. Ẹ ní ṣíbí kan tó jẹ́ ti inú ike nìkan, tí omi kì í kàn.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ tú bébà ẹja wò. Bí ó bá ti ń rọ̀, ẹ gbé e sórí wáyà lókè iná kékeré fún wákàtí kan, kó tutù, kí ẹ sì wé e sínú bébà tuntun. Èyí tí ìdin bá ti wọ̀, ẹ dà á nù. Gàrí tó bu náà, ẹ má sá a sóòrùn kí ẹ tún padà mu ún: oòrùn á gbẹ omi rẹ̀, àmọ́ májèlé tí bíbu yẹn fi sínú rẹ̀ kò ní bá omi lọ.