Ìgbà Tó Yẹ Kí A Gbin Òdòdó Ìlú Òtútù ní Ilé-Ifẹ̀

Pansy àti snapdragon jẹ́ òdòdó tí ìrì dídì kì í tètè pa. Ewé pansy lè gan lóru nítorí òtútù, kí ó sì tún nà padà nígbà tí oòrùn bá yọ. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ sára àpò irúgbìn wọn fún àwọn tó ń gbé ìlú òtútù ni pé kí a fún irúgbìn náà sínú àwo ní oṣù kejì tàbí ìkẹta. Mo tẹ̀lé ìlànà yìí nígbà kan ní Ifẹ̀, gbogbo wọn ló sì kú kí wọ́n tó yọ òdòdó kan, nítorí pé oṣù méjèèjì yẹn gan-an ni ooru máa ń mú jù lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ òdòdó tó lè fara da ìrì dídì kì í sábà lè fara da ooru.

Nítorí náà, ẹ fi ojú ọjọ́ ìlú yín ka oṣù. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, ìkùukùu máa ń bo ojú ọ̀run Ifẹ̀, ọ̀sán ìgbà náà ló sì tutù jù lọ́dún. Ìparí oṣù kẹjọ ni kí ẹ fún irúgbìn, nínú àwo tí ẹ gbé sábẹ́ òrùlé, nítorí pé òjò oṣù kẹsàn-án lágbára, yóò sì gbá irúgbìn wẹ́wẹ́ lọ. Ẹ po ilẹ̀dú tí ẹ ti jọ̀ pọ̀ mọ́ yanrìn díẹ̀. Irúgbìn snapdragon kúnná bí aásà, ó sì nílò ìmọ́lẹ̀ kó tó hù, ẹ má ṣe bò ó mọ́lẹ̀ rárá. Ti pansy yàtọ̀: ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ fẹ́lẹ́ bò ó, kí ẹ sì da àpò lé àwo náà títí yóò fi hù, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Lẹ́yìn ọdún Ọlójó, bí òjò bá ti ń dín kù, ẹ hú wọn lọ sínú ọgbà ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fi àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sáàárín wọn. Ìhà ìlà-oòrùn ilé ló dára jù, kí oòrùn àárọ̀ lè kàn wọ́n, kí òjìji ilé sì dáàbò bò wọ́n lọ́sàn-án. Òru ọyẹ́ yóò tù wọ́n lára, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ rẹ̀ máa ń fa omi ilẹ̀ gbẹ, àti pé láti àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá. Ẹ fi màrìwò ọ̀pẹ ṣe odi kékeré síhà ibẹ̀ láti dí afẹ́fẹ́ náà, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ẹsẹ̀ òdòdó, kí ẹ sì máa bu omi rin ín ní kùtùkùtù.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, marigold ni mo máa dámọ̀ràn. Kò lè fara da ìrì dídì, ṣùgbọ́n kò sí èyí ní Ifẹ̀, ó sì máa ń yọ òdòdó láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nítorí náà èyí tí ẹ bá gbìn ní àárín oṣù kẹwàá yóò ti tan kí Kérésìmesì tó dé.

Bí oṣù kejì bá ń parí lọ, tí pansy sì ń gùn láìní òdòdó, ẹ hú u, kí ẹ kó o sínú ààtàn tí ẹ ti ń ṣe ajílẹ̀.