Bí A Ṣe Ń Lọ Sí Stohrer, Ilé Kéèkì Àtijọ́ ní Paris

Bí ẹ bá dé Paris, ẹ wá àyè kan fún òpópónà Montorgueil. Ní ojúlé 51, wọ́n ti ń ta kéèkì níbẹ̀ láti ọdún 1730. Nicolas Stohrer ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Nígbà tí Marie Leszczynska, ọmọ ọba Poland, fẹ́ Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún ọba Faransé ní 1725, Stohrer tó ń ṣe kéèkì fún wọn nílé bá a lọ sí Versailles, ààfin ọba Faransé. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ló ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, kí ẹ sọ̀ ní Étienne Marcel. Ẹsẹ̀ lẹ ó fi rin ìyókù, kò jìnnà. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ló dára jù, torí ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀.

Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ kọ́kọ́ kí wọn: «Bonjour, madame.» Ẹni tó bá wọlé láìkí onílé, tó kàn ń nàka sí ohun tó fẹ́, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n máa kà á sí, bí àwa náà ṣe máa kà á sí nílé wa. Kó tó kàn yín, ẹ wo àwòrán àwọn obìnrin tó wà lára ògiri. Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti 1864.

Ohun méjì ni kí ẹ rà. Èkíní ni baba au rhum (ohùn àárín ni ẹ fi pe «baba»). Ìyẹ̀fun, ẹyin, bọ́tà àti ìwúkàrà ni wọ́n fi ń ṣe é. Bó bá jinná tán, wọ́n á rì í sínú omi ṣúgà àti ọtí rọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kéèkì tó ti gbẹ ló sú bàbá Marie, ni wọ́n bá bu wáìnì sí i. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni rọ́ọ̀mù dé. Ọtí gidi ni o! Ẹni tí kì í mu ọtí, tàbí tó fẹ́ rà á fún ọmọdé, kó fò ó.

Èkejì ni puits d'amour, ìyẹn «kànga ìfẹ́», òun gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Ó dà bí ife kékeré tí ara rẹ̀ jẹ́ ìpele-ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọ́n á rọ kírímù olóòórùn fanílà kún inú rẹ̀, wọ́n á wọ́n ṣúgà sórí, wọ́n á sì fi irin gbígbóná jó o títí yóò fi pọ́n, tí yóò sì le. Bí eyín bá kàn án, á dún «kẹ́ḿ», ìtútù inú rẹ̀ á wá bá ahọ́n.

Èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ, lójú títì níbẹ̀. Mo gbé tèmi dé ilé tí mo dé sí títí di alẹ́. Ṣúgà orí rẹ̀ ti yọ́, ara rẹ̀ sì ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ó dùn mí púpọ̀.

Baba ní tirẹ̀ lè dúró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi páálí gbé e fún yín, kí ẹ gbé e ní òòró kí omi rẹ̀ má bàa dà. Lálẹ́, ẹ fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ ó rí i tí omi náà ń sun jáde yí ẹnu ṣíbí ká.